Pápá Kékeré Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Kékeré

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn ará wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tí wọ́n fi ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ṣe ibùgbé, tí Olódùmarè sì ti bùkún fún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní ilé tiwọn, tí ilẹ̀ sì ṣẹ́kù fún wọn lẹ́yìnkùlé: wọ́n ní kò sí ohun tí ó rọrùn tó kíkọ́ pápá pickleball, ìyẹn eré tí a ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù oníke kọjá orí àwọ̀n. Wọ́n ní eré kékeré ni, pápá rẹ̀ kéré, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ kò lè pọ̀. Wọ́n ní kí ènìyàn ṣáà ti pe bíríkìlà kan tí ó mọ sìmẹ́ńtì í pò, kí ó da kọnkéré sílẹ̀, kí ó fi péńtì búlúù kùn ún, kí ó fa ìlà funfun sí i, kí ó ta àwọ̀n sí àárín, ó parí. Èyí kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ tí wọ́n fẹ́ ṣe pápá fún àwọn ọ̀dọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kọngílá tí ń wá iṣẹ́, ẹnu sì ti kò lé e lórí débi pé ẹni tí ó bá sọ ohun mìíràn ni wọn yóò máa wò bí ẹni tí ó fẹ́ dí ọ̀nà ìgbádùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, mo sọ pé kíkéré tí pápá náà kéré gan-an ni ó mú kí iṣẹ́ rẹ̀ gba ìmọ̀ àti ìfarabalẹ̀, àti pé ohun tí ojú ń rí lórí rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń náwó lé, ni ó kéré jù lọ nínú ohun tí ń sọ ọ́ di pápá. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé èyí tí ó lágbára jù lọ nínú àwíjàre wọn kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n dá eré yìí sílẹ̀ pàápàá kò kọ́ pápá kankan. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1965, ní erékùṣù Bainbridge tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Washington, nígbà tí Joel Pritchard àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bill Bell ń wá ohun tí àwọn ará ilé wọn yóò fi dárayá, pápá badminton àtijọ́ kan tí ó wà nínú ọgbà Pritchard ni wọ́n lò. Pátákó tẹníìsì orí tábìlì ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù oníke kan tí ó ní ihò lára. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé bọ́ọ̀lù náà ń ta dáadáa nílẹ̀, wọ́n sọ àwọ̀n tí ó ga ní 60 íńṣì kalẹ̀ sí 36, lẹ́yìn èyí ni Barney McCallum dara pọ̀ mọ́ wọn, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ṣe òfin eré náà. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ kì í sọ ọ́ parí. Pápá tí wọ́n bá nílẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ẹnìkan ti ṣe iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ó ti fi ọ̀dà dúdú tí a fi ń ṣe títì tẹ́ ẹ, ìyẹn gan-an ni ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ta lórí rẹ̀. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1967, tí eré ti wọ̀ wọ́n lára, wọn kò tẹ̀ síwájú nínú àdábọwọ́ mọ́: wọ́n kọ́ pápá tí a dìídì ṣe fún pickleball sí ẹ̀yìnkùlé Bob O'Brian, aládùúgbò Pritchard. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ti àwọn olùdásílẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kí ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe é.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo kíkéré tí wọ́n ń fọ́n fèrè rẹ̀ yìí. Láti ìlà dé ìlà, pápá náà jẹ́ 20 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ó jẹ́ 44 ní gígùn. Àwọ̀n rẹ̀ ga ní 36 íńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó sì jẹ́ 34 ní àárín. Ẹsẹ̀ bàtà 7 sì wà níwájú àwọ̀n ní apá kọ̀ọ̀kan tí a kò gbọdọ̀ dúró sí kí a gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì kan ilẹ̀. Àwọn kan gbọ́ iye yìí, wọ́n lọ da kọnkéré tí ó jẹ́ 20 sí 44 gẹ́lẹ́, wọ́n ní àwọ́n ti ṣe pápá. Mo bẹ̀ yín, níbo ni ẹni tí bọ́ọ̀lù lé sẹ́yìn yóò gbẹ́sẹ̀ sí? Ṣé inú koríko ni, tàbí ara ọgbà? Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ní kí gbogbo ojú ilẹ̀ tí a ó tẹ́ má dín ní 30 sí 60, wọ́n sì ní 34 sí 64 ni ó tọ́ jù. Ẹni tí ó bá sì ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé 880 péré ni ti inú ìlà, nígbà tí 30 sí 60 jẹ́ 1,800, èyí tí ó fi hàn pé èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú ilẹ̀ tí a ó náwó lé kò sí nínú ìlà rárá.

Kí ni ó tún fà á tí mo fi ní kíkéré ni ó mú un ṣòro? Lórí pápá tẹníìsì, tí ó jẹ́ 78 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, bọ́ọ̀lù wúwo, ó ń fò sókè, ẹni tí ń dúró dè é sì ní àyè láti tún ẹsẹ̀ tò bí ilẹ̀ bá ṣì í lọ́nà. Ṣùgbọ́n níbi pickleball, nígbà tí eré bá gbóná, ẹsẹ̀ bàtà 14 péré ni ó wà láàárín àwọn tí ń dojú kọ ara wọn níwájú àwọ̀n; bọ́ọ̀lù náà jẹ́ ike fífúyẹ́ tí kò ju gíráàmù 26 àti ìdajì lọ, kì í sì í fò ga. Kòtò kékeré tí bọ́ọ̀lù tẹníìsì yóò fò kọjá, òun ni yóò pa bọ́ọ̀lù yìí kú sílẹ̀. Ẹ sì rántí àwọn tí ń gbá a: bàbá àti ìyá tí orí wọn ti funfun wà lára wọn, tí orúnkún wọn kò gba ìkọ̀sẹ̀ mọ́. Ojú ilẹ̀ tí ó wú sókè díẹ̀, tí ọmọ ogún ọdún yóò fi ṣe ẹ̀rín rín, lè gbé àgbàlagbà dé ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀, ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, kì í gbàgbé ẹni tí ó bá fojú tín-ín-rín in, ilẹ̀ Houston sì ní ìwà tirẹ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbé orí rẹ̀ mọ̀. Amọ̀ ni ó pọ̀ jù lábẹ́ ìlú náà, amọ̀ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Beaumont, tí ó máa ń mu omi òjò tí yóò sì wú, tí yóò tún súnkì nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí ojú rẹ̀ yóò sì sán kánkán. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ ní ọdún 2011 kò lè gbàgbé ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó jà ní Texas lọ́dún náà, bí àwọn páìpù omi ìjọba tí a rì mọ́lẹ̀ ti ń bẹ́ káàkiri ìgboro nítorí pé ilẹ̀ tí ó dì wọ́n mú ti súnkì kúrò lára wọn. Ilẹ̀ tí ó ṣẹ́ páìpù ìjọba, ṣé kọnkéré tí kò nípọn ju íńṣì 4 lọ, tí a kàn dà sórí koríko tí a fi ọkọ́ ha, ni yóò wá bẹ̀rù?

Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó tẹ ilẹ̀ pápá yín kì í ṣe bíríkìlà, ẹni tí yóò yẹ ilẹ̀ wò ni: onímọ̀ tí yóò gbẹ́ ihò, tí yóò bu erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí yóò sì sọ bí amọ̀ náà ti ń wú tó àti ohun tí a ó fi tù ú lójú. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó koríko àti erùpẹ̀ òkè dànù pẹ̀lú gbogbo gbòǹgbò inú rẹ̀, tí a ó kó erùpẹ̀ tí kì í wú wá rọ́pò rẹ̀, tí a ó máa dà á ní ìpele ìpele tí a ó sì máa fi ẹ̀rọ kì í mọ́lẹ̀ kí ìpele mìíràn tó gùn ún, tí a ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí igi ńlá sún mọ́ ọn. Òjìji rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa omi inú amọ̀ mu, ibi tí ó bá sì ti fà á ni ilẹ̀ yóò ti rì.

Àwọn bíríkìlà máa ń dáhùn pé, “Irin ni a ó kó sí i, bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀.” Irin dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí irin ń ṣe kọ́ ni wọ́n rò pé ó ń ṣe. Irin lásán kì í dí kọnkéré lọ́wọ́ kí ó má là. Ó ń di ibi tí ó ti là mú kí ó má yà jìnnà ni. Ohun tí ó bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu ni okùn irin tí a wé sínú ọ̀rá, tí a tẹ́ ní ìbú àti ní òòró kí a tó da kọnkéré, tí a ó sì fi ẹ̀rọ fà le koko lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí kọnkéré bá ti ń dì, tí a ó wá so ó mọ́ etí kọnkéré náà ní ìhà méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí yóò máa fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ tọ̀sán tòru, tí bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ mì lábẹ́ rẹ̀, kò ní tètè yanu. Irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Texas, nítorí amọ̀ yìí kan náà. Àwọn tí wọ́n ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún mi pé asán ni fún pápá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí kọnkéré bá ti lanu, omi yóò wọ ibẹ̀, amọ̀ yóò mu ún, yóò wú, ẹnu náà yóò sì tún fẹ̀ sí i, kò sì sí péńtì kan láyé yìí tí yóò dì í.

Mo ti dárúkọ omi, mo sì gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù lọ wà. Gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé pápá tí ó dára ni pápá tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pápá tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ níta gbangba, adágún ni. Houston ń gba òjò tí ó tó nǹkan bí 50 íńṣì lọ́dún, òjò náà a sì máa rọ̀ bí ẹni pé a ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀. Òjò kò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Pápá gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ ní íńṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ó má ga ní abẹ́ àwọ̀n kí ó sì rẹlẹ̀ ní orí méjèèjì, kí ó má sì ṣe kòtò sí àárín. Lórí ìbú 34 ẹsẹ̀ bàtà, gbogbo ìdàgẹ̀rẹ̀ náà kò ju íńṣì 3 àti díẹ̀ lọ. Ojú kò ní rí i, ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n omi yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdánwò rẹ̀ kò le: kí a tú omi sí gbogbo ojú pápá, kí a dúró fún wákàtí kan nígbà tí oòrùn bá wà, kí a wá fi owó ẹyọ nickel kan lélẹ̀ níbikíbi tí omi bá ṣẹ́kù sí, bí omi náà bá bo owó náà mọ́lẹ̀, kọngílá kò tíì parí iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ìdánwò yìí sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó ka owó fún ẹnikẹ́ni.

Omi orí pápá nìkan kọ́ o. Omi tí ń ti orí òrùlé ilé yín bọ̀, èyí tí ń ti ilẹ̀ aládùúgbò tí ó ga ju tiyín lọ ṣàn wá, gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ la ọ̀nà fún kí wọ́n yí pápá ká, kí wọ́n má gba abẹ́ rẹ̀, kí tiyín náà má sì di àgbàrá sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹni tí kò bá ti ro ibi tí omi yóò gbà lọ kí ó tó ro àwọ̀ péńtì, ó ti fi ilé rẹ̀ sọ́wọ́ àgbàrá.

Lẹ́yìn àṣìṣe ti omi, ìkánjú ni àrùn kejì. Ọjọ́ ayẹyẹ ti pé, wọ́n ti pín ìwé ìpè, ìgbìmọ̀ sì fẹ́ kí pásítọ̀ wá gbàdúrà sí pápá ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Kọnkéré tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń rọ péńtì lé lórí. Kọnkéré ń fẹ́ ọjọ́ 28 kí ó tó gba ohun tí a ó fi kùn ún, nítorí omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀rá nínípọn sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ kí omi ilẹ̀ má baà máa gòkè wá láti ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, péńtì yóò wú bí ara tí iná jó, yóò sì máa bó. Àwọn baba wa tí wọ́n ń mọ ògiri alámọ̀, kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Bíríkìlà òde òní tí ó mọṣẹ́ ilé a tún fẹ́ fi irin pẹlẹbẹ dán ojú kọnkéré náà títí yóò fi máa kọ mọ̀nà bí ilẹ̀ pálọ̀. Ẹ kọ̀ fún un. Ìgbálẹ̀ ni kí ó fi fà á kí ojú rẹ̀ lè ní ìlà tínrín tínrín tí ohun ìkùn yóò dì mọ́, ohun ìkùn náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ péńtì ara ògiri, bí kò ṣe ti acrylic tí a po yanrìn mọ́ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

Ti oòrùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kí gígùn pápá kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ojú oòrùn ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, tí ó jẹ́ àkókò tí ooru Texas ń gba ènìyàn láàyè láti ṣeré. Bí ilẹ̀ yín kò bá gba èyí, kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Mo kúrò lórí ilẹ̀, mo bọ́ sọ́dọ̀ ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ní iṣẹ́ kékeré ni pápá yìí kì í ka aládùúgbò mọ́ ohun tí a fi ń kọ́ pápá, bẹ́ẹ̀ ni ariwo rẹ̀ wà lára ìdí pàtàkì tí a fi ń ti pápá pickleball pa ní Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù ike líle àti pátákó líle ni wọ́n ń kọlu ara wọn, ohùn tí ń jáde níbẹ̀ ga, ó mú, kì í sì í dẹ́kun: pọ́! pọ́! pọ́! láti àárọ̀ di alẹ́, ní irú ohùn tí etí ènìyàn ń tètè gbọ́. Ní ọdún 2023, ìlú Denver ní Colorado ti àwọn pápá pickleball tí ó wà ní Congress Park pa, kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́, kì í ṣe pé ènìyàn kò lò wọ́n, ariwo ni. Pápá ìjọba nìyẹn o, mélòó mélòó wá ni ti ẹ̀yìnkùlé tí ó fara ti fèrèsé ẹlòmíràn!

Àwọn ará Houston a máa fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìlú wọn kò ní òfin tí ó pín ilẹ̀ sí ti ilé gbígbé àti ti iṣẹ́, òótọ́ sì ni. Àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́ ní ọdún 1948, wọ́n kọ̀ ọ́ ní 1962, wọ́n sì tún kọ̀ ọ́ ní 1993. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀ wà, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wà, ilé ẹjọ́ náà sì wà. Kí a tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣé àwa tí a ń pa òwe yìí ni a ó wá di ẹni tí ń jẹ kòkòrò náà? Ohun tí ó tọ́ ni kí a lọ bá aládùúgbò kí a tó gbẹ́ ilẹ̀, kí a gbé pápá jìnnà sí fèrèsé rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti gbà á tó, kí a dá wákàtí sí eré. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ewéko. Ọ̀wọ́ igi òdòdó kì í dí ohùn. Aṣọ nínípọn tí a ń so mọ́ ọgbà láti dí ohùn lè ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í gba ara rẹ̀ kọjá, nígbà tí ìjì bá sì dìde láti orí òkun, gbogbo agbára rẹ̀ yóò bọ́ sí ara òpó ọgbà. Òpó tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ tóbi, kí ihò rẹ̀ jìn, kí a sì ti ṣètò rẹ̀ kí a tó da kọnkéré, gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́dọ̀ ṣètò òpó àwọ̀n méjèèjì tí yóò wà ní 22 ẹsẹ̀ bàtà sí ara wọn, àti páìpù tí wáyà iná yóò gbà kọjá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé kọnkéré tuntun nítorí pé kò sẹ́ni tí ó rántí iná, inú mi sì bàjẹ́ sí owó ìjọ tí ó ṣòfò níbẹ̀.

Wọn yóò ní ọlọ́rọ̀ nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Rárá o. Ẹni tí kò bá ní owó iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀. Kí ó ra àwọ̀n tí a ń gbé kiri, kí ó fi ẹfun fa ìlà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti wà nílẹ̀, kí ó ṣeré rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ gẹ́gẹ́ bí Pritchard ti ṣe ní 1965, kò sì ní jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Ìjà mi kò sí pẹ̀lú aláìní tí ń lo ohun tí ó wà, ó wà pẹ̀lú ẹni tí ó kó owó ńlá sílẹ̀, tí ó na ìdá púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí àwọ̀, iná àti ọgbà, tí ó sì fi ìyókù bẹ ilẹ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ má mì. Ilé tí a bá fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ̀yin onílé tí ẹ ti ń wọn ẹ̀yìnkùlé yín, nígbà tí kọngílá bá dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣí ìwé àwọ̀ péńtì níwájú yín. Ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tí pápá yóò dagẹ̀rẹ̀ sí, ibi tí omi yóò gbà lọ, ọjọ́ tí kọnkéré yóò lò kí ó tó gba ìkùn, àti bí fèrèsé aládùúgbò yín ti jìnnà tó. Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.